Rédíò fún Micra àtijọ́: tòkunbọ̀ ni àbí tuntun Ṣáínà?

Ẹni tó bá ní Micra n'Ìbàdàn á mọ ohùn yẹn: sípíkà ń ha, ẹni tó ń ka ìròyìn wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó kó ẹ̀bà sẹ́nu. Nígbà tí ó sú mi, ₦45,000 ni mo rí kó jọ. Ọ̀nà méjì ni owó yẹn mọ̀: rédíò tòkunbọ̀, tàbí tuntun kékeré láti Ṣáínà. Mo ti ra méjèèjì báyìí. (Ìyàwó mi ní kí n má sọ iye tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́.)

Tòkunbọ̀ ni mo kọ́kọ́ rà. Ó wúwo lọ́wọ́, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dún kẹ́, o máa mọ̀ pé wọ́n fara balẹ̀ ṣe é. Ọ̀gá tó tà á ki CD bọ̀ ọ́, bàsì gbá mi láyà, mo sanwó. Ìgbà tí rìwáyà dè é mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tán ni mo tó wá Àmúlùdùn 99.1. Mo yí i, yí i. Tó bá ti dé 90.0, á padà sí 76. Space FM tó wà ní 90.1 gan-an, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló dúró sí. Àṣé ti ará Jàpáànì ni: láti 76 ni FM tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀, 90 ló sì ń parí sí kí wọ́n tó sún un dé 95. Tiwa bẹ̀rẹ̀ ní 87.5, ó parí sí 108.

Mo padà lọ bá ọ̀gá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, nǹkan kékeré ló kù." Ó tún ta páálí kóńfátà kan fún mi, èyí tí wọ́n ń so sáàárín éríàlì àti rédíò, tó ń yọ 20 kúrò lára nọ́ńbà. Àmúlùdùn di 79.1, Splash 105.5 di 85.5. Mo wá ń há nọ́ńbà sórí bí ọmọ iléèwé. Bí mo bá sì ti gba abẹ́ afárá Mọ́kọ́lá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé nìyẹn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni èmi àti ìfé jọ gbọ́ ìròyìn.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́, ẹ má gba CD gẹ́gẹ́ bí ìdánwò. Kí wọ́n so ó mọ́ bátìrì níṣojú yín, kí wọ́n ki wáyà gbọọrọ kan sí ojú éríàlì, kí ẹ yí i dé 105.5. Tí ẹ bá rí ìkọ̀wé Jàpáànì lára rẹ̀, ẹ rọra gbé e kalẹ̀. Èyí tó ti Yúróòpù wá ń gbọ́ tiwa, àmọ́ òmíràn máa ń béèrè kóòdù tí wọ́n bá yọ bátìrì. Ta lẹ máa bi?

Ti Ṣáínà gbọ́ 105.5 lọ́jọ́ tí a dè é. Bluetooth wà, ojú fíláàṣì wà. Páálí rẹ̀ ní 60W lọ́nà mẹ́rin, irọ́ ni. Fíúsì ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ámpù 10, ẹ fi 14 fóltì sọ ọ́ di púpọ̀, 140W ni. Níbo ló ti rí 240? Tòkunbọ̀ náà ń purọ́, tirẹ̀ ló kàn kéré sí i. Ohùn tòkunbọ̀ jinlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, mi ò ní jiyàn. Iná rẹ̀ ń ta síni lójú lálẹ́. Tó bá ń gbàgbé nọ́ńbà tí ẹ tò sí i, rìwáyà ló gbé wáyà pupa sípò yẹ́lò.

Owó tó bá ṣẹ́ kù, sípíkà ni kẹ́ ẹ fi rà. Ní Aràrọ̀mí, Gate, ẹ wá èyí tí etí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Fóòmù máa ń jẹrà. Ẹ fi ìka rọra tẹ àárín rẹ̀: bó bá ń ha, ó ti jóná.

Tòkunbọ̀ dára fún ẹni tó ní sùúrù, tí CD sì pọ̀ nílé rẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ gbọ́ ìròyìn kó tó dé Sẹkitéríàtì, Ṣáínà ti tó o. Tèmi ti lo ọdún kan àti ààbọ̀, bọ́tìnnì ohùn nìkan ló ń mì. Tòkunbọ̀ yẹn ṣì wà nílé o. Ẹni tó bá rà á, màá fi kóńfátà ṣe èènì.