Kíláàsì Báléètì Ọjọ́ Àbámẹ́ta ní Ìkòròdú: Olùkọ́ Dáa, Ilẹ̀ Kò Dáa

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 8, ti ń lọ sí kíláàsì ijó báléètì kan nítòsí Sábó ní Ìkòròdú. Mo sábà máa ń jókòó tì wọ́n, nítorí pé owó kékeré kọ́ ni mo san.

Olùkọ́ wọn mọṣẹ́. Nígbà tí ọmọ mi bi í léèrè ìdí tí orúkọ gbogbo ìṣísẹ̀ fi jẹ́ èdè Faransé, kò gbá a dànù. Ó ṣàlàyé pé ààfin àwọn ọlọ́lá Ítálì ni ijó náà ti ṣẹ̀, pé Catherine de' Medici, tó fẹ́ ọmọ ọba Faransé ní 1533, wà lára àwọn tó mú un gbilẹ̀ ní ààfin ọkọ rẹ̀, àti pé Ọba Louis Kẹrìnlá, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ oníjó, ló dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ijó sílẹ̀ ní 1661. Pierre Beauchamp, tó kọ́ ọba yìí ní ijó, ni wọ́n gbà pé ó to ìdúró ẹsẹ̀ márùn-ún lẹ́sẹẹsẹ. Ìdúró wọ̀nyí náà ni àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀: gìgísẹ̀ kan gìgísẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ kan lórí páìpù irin tí wẹ́dà jó mọ́ ògiri. Ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ ijó bàtá yóò tètè rí ìyàtọ̀: oníbàtá ń tẹ̀ ba, ó ń fi ẹsẹ̀ bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n oníbáléètì ń na ara sókè bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀.

Ilẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi. Táìsì lórí kọnkéré ni àwọn ọmọ ń fò lé, ojúgun sì ti ń dun tèmi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sọ fún ẹni tó ni ibẹ̀. Ó ní pákó ń bọ̀.

Ní oṣù kẹta tí ọmọ mi ti ń lọ, ẹni tó ni ibẹ̀ tún ní kí a san owó bàtà olórí líle, irú èyí tí oníjó fi ń dúró lórí ọmọ ìka, tí òkìkí rẹ̀ kàn láti ìgbà tí oníjó kan, Marie Taglioni, ti jó eré báléètì *La Sylphide* ní Paris ní 1832. Àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ sábà máa ń dúró títí ọmọ yóò fi tó nǹkan bí ọdún 11 tàbí 12, kí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbó díẹ̀ sí i. Olùkọ́ náà gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń gbowó. Èmi kò san án.

Ọmọ mi ṣì ń lọ pẹ̀lú bàtà rírọ̀ rẹ̀. Bí wọn kò bá tíì tẹ́ pákó sílẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, n kò ní san owó sáà tó ń bọ̀.