Ìṣọ́ Òru lórí Ayélujára: Àwòrán tí Ojú Kò Lè Wò Tán

Púpọ̀ nínú àwọn ohun àràmàǹdà tí à ń bá pàdé lórí ayélujára kì í pẹ́ lójú ẹni. A ó wò ó, a ó mi orí, a ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kan tàbí méjì, a ó sì kọjá sí òmíràn kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí ti gba odidi alẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ n kò tíì rí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Fọ́tò ni. Rijksmuseum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tí ó wà ní Amsterdam ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, ni ó yà á lára àwòrán tí Rembrandt, ayàwòrán ará Nẹ́dálándì, yà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìṣọ́ Òru, tí wọ́n sì gbé e sórí ìkànnì wọn ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022 kí ẹnikẹ́ni lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Píksẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹyọ àmì àwọ̀ kéékèèké tí a tò pọ̀ di fọ́tò, tí ó wà nínú fọ́tò kan ṣoṣo yìí jẹ́ bílíọ̀nù 717.

Iye bẹ́ẹ̀ rọrùn láti kà kọjá láì mọ bí ó ti pọ̀ tó, nítorí náà mo jókòó mo ṣírò rẹ̀. Fọ́tò náà fẹ̀ tó píksẹ́lì 925,000, ó sì ga tó 775,000. Ojú ọ̀pọ̀ fóònù òde òní fẹ̀ tó píksẹ́lì 1,080, ó sì ga tó 2,400. Bí ènìyàn bá fa àwòrán náà súnmọ́ra dé òpin, ohun tí ojú irú fóònù bẹ́ẹ̀ lè gbà lẹ́ẹ̀kan kò tó mìlímítà mẹ́fà ní ìbú, kò sì ju mìlímítà méjìlá lọ ní gígùn lára àwòrán gan-an. Bí èékánná ọmọńdinrín ni. Bí a bá ní kí a máa wo ibì kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, kí a má jẹun, kí a má sì sùn, yóò gbà wá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kí a tó wò ó tán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìṣirò náà, nítorí n kò gba ti àkọ́kọ́ gbọ́.

Àwòrán tí wọ́n ṣe gbogbo wàhálà yìí lé lórí ga tó nǹkan bíi mítà mẹ́rin ó dín díẹ̀, ó sì fẹ̀ tó mítà mẹ́rin ààbọ̀. Rembrandt parí rẹ̀ ní ọdún 1642 fún gbọ̀ngàn àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú Amsterdam, àwọn ọlọ́lá tí wọ́n fẹ́ kí a ya àwòrán àwọn pẹ̀lú ohun ìjà wọn. Àṣà àwọn ayàwòrán ìgbà náà ni láti to irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí olúkúlùkù lè rí ojú ara rẹ̀ dáadáa. Rembrandt kò tò wọ́n. Ó mú wọn nígbà tí wọ́n ń dìde lọ, tí ẹnìkan ń kó ẹ̀tù sí ìbọn, tí òmíràn ń lu ìlù, tí ajá ń gbó, tí ọ̀gá ẹ̀ṣọ́, Frans Banninck Cocq, nínú aṣọ dúdú àti ọ̀já pupa, sì ń na ọwọ́ bí ẹni tí ń pàṣẹ fún igbákejì rẹ̀, Willem van Ruytenburch, tí ó wọ aṣọ aláwọ̀ ìyeyè. Kì í ṣe òru rárá. Fáníìṣì, ohun dídán tí wọ́n fi bo ojú àwòrán náà láti dáàbò bò ó, ni ó dúdú tí ó sì kó ìdọ̀tí jọ láti ọdún dé ọdún, àwọn tí ó wò ó lẹ́yìn náà sì rò pé alẹ́ ni Rembrandt yà. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ ọn.

Ara ẹ̀wù igbákejì ọ̀gá yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ní òkèèrè, ọnà tí a fi òwú wúrà gán sí etí ẹ̀wù náà hàn kedere débi pé ènìyàn lè rò pé, bí òun bá súnmọ́ ọn, òun yóò lè ka òwú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo súnmọ́ ọn, òwú pòórá. Ohun tí ó kù ni òkìtì ọ̀dà tí ó ki, tí ó yọ jáde lára aṣọ kánfáàsì bí ẹrẹ̀ tí a fi ìka lẹ̀ mọ́ ògiri, èyí tí ó funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, láìsí ìlà kan tí ó gún. Mo sún sẹ́yìn díẹ̀, ọnà náà tún padà dé, pẹ̀lú kìnnìún kékeré tí ó di àmì ìlú Amsterdam mú. Mo lọ síwájú sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí ó fi yé mi pé kò sí wúrà níbẹ̀, kò sì sí òwú. Ojú ẹni tí ń wò ó ni ó ń rán ẹ̀wù náà. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà oríṣiríṣi nínú ìwé nípa iṣẹ́ Rembrandt, ṣùgbọ́n ìgbà yìí ni ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí mi lójú ara mi. Orí ẹ̀wù yìí kan náà ni òjìji ọwọ́ ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ bọ́ sí, ó mú, ó sì ṣe kedere, bí òjìji tí oòrùn ń ta.

Láti ibẹ̀ mo lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin tí ó tàn yanran láàrin àwọn ọkùnrin náà, tí adìẹ kíkú kan so kọ́ ìgbànú rẹ̀ pẹ̀lú orí nísàlẹ̀. Ọmọ kékeré tí ó gbé adìẹ lọ sí àárín àwọn oníbọn máa ń dàbí àwàdà fún ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀. Èékánná adìẹ ni àmì ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ náà, òun gan-an ni Rembrandt sì fẹ́ kí a rí. Lẹ́yìn pátápátá, lókè èjìká ẹnìkan, ojú kan ṣoṣo yọ lábẹ́ fìlà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Rembrandt fúnra rẹ̀ ni ó yọjú níbẹ̀. Nínú àwọn fọ́tò kéékèèké tí a máa ń rí nínú ìwé, ibẹ̀ kò ju àbàwọ́n lọ. Nínú èyí, ó ń wò ọ́ padà.

Lẹ́yìn náà ni ó kan sísán. Gbogbo ojú àwòrán náà ni ó ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ àbàtà tí ọ̀dá pa, sísán náà kò sì rí bákan náà níbi gbogbo: lórí ojú ènìyàn ó tẹ́ẹ́rẹ́, nínú òkùnkùn ẹ̀yìn ó gbòòrò. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó jẹ́ kí n rántí pé iṣẹ́ ni fọ́tò yìí wà fún, àti pé kì í ṣe nítorí èmi tí mo jókòó sílé ni wọ́n ṣe yà á. Àwọn onímọ̀ tí ń tọ́jú àwòrán náà fẹ́ mọ ibi tí ó ti ń bàjẹ́ àti bí ó ti ń yára bàjẹ́ tó. Ìgbádùn tiwa ni èrè orí rẹ̀.

Láti oṣù Agẹmọ ọdún 2019 ni wọ́n ti kọ́ yàrá gíláàsì yí àwòrán náà ká nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú àwọn olùbẹ̀wò. Ní ọdún 2020 wọ́n kọ́kọ́ gbé fọ́tò kan jáde tí ó ní píksẹ́lì bílíọ̀nù 44.8, tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ láti inú fọ́tò 528. Fún ti ọdún 2022, fọ́tò 8,439 ni wọ́n yà, pẹ̀lú kámẹ́rà Hasselblad kan tí ó ń gba píksẹ́lì mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan; ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn kò gbà ju sẹ̀ǹtímítà 5.5 ní ìbú àti 4.1 ní gíga lọ lára àwòrán náà. Ní irú ìsúnmọ́ bẹ́ẹ̀, bí kámẹ́rà bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ jìnnà jù, fọ́tò yóò ṣú, nítorí náà iná lésà ni wọ́n fi ń wọn bí ojú kánfáàsì ti ga tó kí wọ́n tó yà á. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni wọ́n sì fi ṣàyẹ̀wò àwọ̀ àti bí fọ́tò kọ̀ọ̀kan ti mú, kí wọ́n tó fi kọ̀ǹpútà lẹ̀ wọ́n pọ̀. Àárín píksẹ́lì kan sí èkejì jẹ́ ìdá kan nínú igba ti mìlímítà kan, èyí tí ó kéré ju ẹyọ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lọ. Mo wá ojú ibi tí fọ́tò kan ti pàdé èkejì títí ojú fi ro mí, n kò rí ọ̀kan ṣoṣo.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ tẹ́ràbáìtì 5.6, tí fóònù kankan kò lè gbé. Ohun tí ó mú kí a lè wò ó ni pé wọ́n ti gé e sí wẹ́wẹ́ ní ìpele-ìpele, kìkì èyí tí ó bọ́ sí ojú ibi tí o ń wò ni a ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ, bí ẹni tí ń pọn omi nínú odò, tí ìwọ̀n igbá rẹ̀ sì ni ìwọ̀n tí yóò bù. Ìdí nìyí tí àwòrán fi máa ń ṣú fún ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ó tó mọ́. Fóònù àtijọ́ tí mo kọ́kọ́ fi gbìyànjú gbóná débi pé mo gbé e jù sílẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti wá gbádùn rẹ̀, níbi tí mo ti lè fi eku kọ̀ǹpútà rìn díẹ̀díẹ̀ láì ṣèèṣì fò kúrò lórí ojú ẹnìkan bọ́ sórí bàtà ẹlòmíràn. Ẹni tí dátà rẹ̀ kò pọ̀ kí ó mọ̀ pé gbogbo ìsúnmọ́ ni ó ń jẹ nínú rẹ̀.

Ohun tí fọ́tò náà kò lè fún wa ni títóbi. Ẹni tí ó dúró níwájú Ìṣọ́ Òru ń wo àwọn ènìyàn tí wọ́n tóbi tó òun fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń bọ̀ wá bá a. Lórí kọ̀ǹpútà mi, odidi ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ kò ju ìka mi lọ àfi bí mo bá fà á súnmọ́, bí mo bá sì fà á súnmọ́, n kò rí odidi rẹ̀ mọ́. Kò sí ọ̀nà àbáyọ sí ìyẹn. Èkejì ni pé ojú lásán ni fọ́tò ń rí. Àwòrán ìlà tí Rembrandt kọ́kọ́ fi ọ̀dà tí ó ní ẹfun nínú yà sábẹ́, tí àwọn olùwádìí kéde ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2021, ẹ̀rọ mìíràn ni ó fi hàn wọ́n; bí a tilẹ̀ súnmọ́ ojú ọ̀dà tó báyìí, a kò lè rí i.

Ó tún wù mí láti rí ọgbẹ́ ara àwòrán náà. Ní ọdún 1715, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn ìlú Amsterdam tí ààyè kò sì gbà á, wọ́n gé e ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí di òní a kò rí ohun tí wọ́n gé kúrò. Ní ọdún 1975 ọkùnrin kan fi ọ̀bẹ ya á lọ́nà púpọ̀. Ní ọdún 1990 ẹlòmíràn da ásíìdì sí i, omi tí àwọn aṣọ́nà yára fọ́n sí i ni kò jẹ́ kí ó kọjá fáníìṣì. Ìlà ọ̀bẹ ni mo ń wá. Mo lo nǹkan bíi wákàtí kan lórí aṣọ dúdú ọ̀gá ẹ̀ṣọ́, gbogbo sísán tí mo rí ni mo ń fura sí, títí mo fi rí i pé mo ti di ọlọ́pàá tí kò ní ẹ̀sùn lọ́wọ́. Irú àkókò yìí ni ohun tí ó dára jù nínú iṣẹ́ yìí ní tèmi: ìbéèrè tí ènìyàn mú lọ ni yóò darí rẹ̀. Ẹni tí ó kàn ṣí i láti rí bí ó ti lè súnmọ́ tó yóò rí ọ̀dà tí ó sán, yóò sì pa á dé. Kí olúwarẹ̀ mú ohun kan ṣoṣo, ìbá à jẹ́ ìbọ̀wọ́ tàbí ìyẹ́ orí àṣíborí, kí ó sì máa tẹ̀lé e kiri.

Nínú àwọn àwòrán ńláńlá tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn ti gbé sórí ayélujára, n kò tíì bá èyí tí ó mú mi dúró tó báyìí pàdé, mo sì ń gba ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ràn àwòrán, kámẹ́rà tàbí iṣẹ́ ọwọ́ níyànjú láti wá àkókò fún un. Kí ó yára pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé fọ́tò náà fẹ́ lọ. Ní oṣù Bélú ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fáníìṣì àtijọ́ kúrò lára àwòrán gan-an, nínú yàrá gíláàsì, lójú gbogbo ènìyàn. Ojú tí Ìṣọ́ Òru ní nínú fọ́tò ọdún 2022 yìí, pẹ̀lú fáníìṣì rẹ̀ tí ó ti pọ́n, kò ní sí lára rẹ̀ mọ́ tí iṣẹ́ náà bá parí. Mo ti padà lọ sí ibi tí ajá wà, níbi tí nǹkan funfun kan ti bò ó bí ìkùukùu tí a kò fi mọ irun rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, mo sì ti ya ibẹ̀ pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà mi, kí n lè rí ohun tí n ó fi wé e lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé fọ́tò tuntun jáde.