Ìkìlọ̀ fún àwọn tó ń ra káàdì ìdíje ní Ilé-Ifẹ̀: ẹ ṣọ́ra fún fọ́ìlì tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra káàdì Magic: The Gathering, Yu-Gi-Oh! àti Pokémon ní Ilé-Ifẹ̀ láti fi díje, mo bẹ̀ yín, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó tún sanwó fún oníṣòwò kan tó ń pàtẹ ní agbègbè Lágere ní òpin ọ̀sẹ̀, tó sì máa ń fi àwòrán ọjà rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárín ọ̀sẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé orúkọ tí ó ń lò lórí fóònù ti yí padà rí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó ń dá kò yí padà, òun ni ẹ ó sì fi dá a mọ̀. Ó máa ń ta káàdì fọ́ìlì, ìyẹn èyí tí iwájú rẹ̀ ń dán, tí ó ti ká kò ní iye owó èyí tí kò lábùkù, lẹ́yìn tí ó bá ti fi áyọ́ọ̀nù àti ìwé ńlá tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Kì í pẹ́ tí owó bá ti wọ àkáǹtì rẹ̀ tí káàdì náà yóò fi tún ká.

Èmi ni mo sábà máa ń ṣe adájọ́ nígbà tí àwa ọ̀rẹ́ bá péjọ láti díje, nítorí náà orí tábìlì mi ni ẹ̀rí ti ń kó ara jọ. Àwọn tó mú káàdì wọ̀nyí wá kò mọ ara wọn, síbẹ̀ ọwọ́ ẹnì kan náà ni gbogbo wọn ti rà á, àpèjúwe tí wọ́n sì ṣe nípa bí ó ti tà á fún wọn kò yàtọ̀ síra. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó ń mú káàdì ká, torí pé àìmọ̀ rẹ̀ ni oníṣòwò yìí ń jẹ lórí. Ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú páálí fọ́ìlì. Páálí a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu, a sì máa fẹ̀, ṣùgbọ́n ìpele dídán yẹn kì í fà á. Ní ìgbà òjò, ẹ̀yìn káàdì yóò fẹ̀ ju iwájú lọ, etí rẹ̀ yóò sì gbé sókè sí ìhà àwòrán, bí awọ ẹran tí wọ́n ń wì níná láti fi ṣe pọ̀nmọ́. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, páálí a gbẹ, a sì súnkì, káàdì náà a wá tẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá, kò sí ẹni tó lè dá oníṣòwò lẹ́bi pé fọ́ìlì rẹ̀ ká. Ẹ̀sùn tí a fi kàn án ni pé ó fi í pamọ́, ó sì gbowó pípé lórí rẹ̀.

Bí ó ti ń fi pamọ́ nìyí. Káàdì tí a tẹ̀ náà yóò wà nínú ike líle tí a fi sẹ́lótéèpù dí lẹ́nu, yóò sì sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe ṣí i, pé ìka ọwọ́ yóò ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ike yẹn gan-an ló ń dì í mú kí ó má baà ká lójú yín. Àwòrán tí ó ń fi ránṣẹ́ kì í fi ẹ̀gbẹ́ káàdì hàn rí, iwájú nìkan ni. Àwọn kan tún wà tí etí wọn ti funfun nítorí lílò, tí ó fi ìnkì dúdú kùn, àti àwọn tí ó gé létí kí ó lè dà bí tuntun. Gígé yìí burú ju kíká lọ, torí pé káàdì tó kúrú díẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kò ní àtúnṣe mọ́ láéláé.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ló kan òun, bí òun bá ṣáà ti lè ka ohun tó wà lára káàdì. Ó kàn yín gidigidi bí ẹ bá fẹ́ díje. Òfin ìdíje Magic gbé ẹrù náà lé ẹni tó ni dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn àkójọ káàdì tí ènìyàn fi ń díje, lórí: òun ló gbọ́dọ̀ rí i pé káàdì òun kò lámì. Káàdì tó lámì sì ni èyíkéyìí tí ènìyàn lè dá mọ̀ láì rí ojú rẹ̀, ìbáà jẹ́ nítorí pé nǹkan ha á lára, pé àwọ̀ rẹ̀ ṣí tàbí pé ó tẹ̀; bí ó bá wà nínú ọ̀rá tí àwọn tó ń díje máa ń wọ̀ fún káàdì wọn, inú ọ̀rá náà ni adájọ́ yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò. Níbi ìdíje tó le, ìkìlọ̀ ni ìjìyà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo dẹ́ẹ̀kì 60 káàdì tí mẹ́rin péré nínú rẹ̀ jẹ́ fọ́ìlì, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ káàdì tó lágbára jù lọ níbẹ̀, tí gbogbo wọn ká sí ìhà kan náà. Ibi tí wọ́n wà ni dẹ́ẹ̀kì yóò máa là sí nígbàkúùgbà tí ẹ bá pín in sí méjì láti pò ó. Adájọ́ tó bá rí irú èyí lè gba eré náà lọ́wọ́ yín, bí ó bá sì dá a lójú pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, wọn yóò lé yín kúrò nínú ìdíje. Kò sí ẹni tó máa lọ pe oníṣòwò wá jẹ́rìí.

Oníṣòwò yìí tún ń parọ́ kan tó ń dùn mí jù gbogbo ìyókù lọ. Bí oníbàárà bá ráhùn, yóò ní kò sí wàhálà, pé adájọ́ yóò fún un ní káàdì adípò, ìyẹn èyí tí yóò dúró fún káàdì tó lábùkù náà, níbi ìdíje. Òótọ́ ni pé òfin Magic fàyè gba adípò fún fọ́ìlì tí kò bá ní ẹ̀dà tí kì í ṣe fọ́ìlì rárá, àti fún káàdì tó bá ṣèèṣì bàjẹ́ nígbà tí ìdíje ń lọ lọ́wọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń tà ní ẹ̀dà lásán, ó sì ti ká kí ó tó dé orí tábìlì, nítorí náà adípò kò kàn án.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú ike. Bí ó bá kọ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ gbé e lé orí ibi tó tẹ́jú, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ tan iná fóònù sí igun rẹ̀: ooru áyọ́ọ̀nù a máa mú kí ìpele ya díẹ̀ níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì lè ṣú tàbí kí ó rú bí omi. Ẹ fi tíṣù funfun nu etí rẹ̀, bóyá ìnkì yóò jáde. Ẹ mú rúlà dání: káàdì Magic àti Pokémon jẹ́ mìlímítà 63 sí 88, ti Yu-Gi-Oh! sì jẹ́ 59 sí 86. Àyẹ̀wò tó dára jù ni kí ẹ mú dẹ́ẹ̀kì tiyín lọ, kí ẹ wọ káàdì náà ní irú ọ̀rá kan náà, kí ẹ pò ó mọ́ àwọn ìyókù, kí ẹ sì máa pín in sí méjì láì wò ó. Bí ó bá ń là sí ojú káàdì yẹn ní gbogbo ìgbà, ẹ dá a padà. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ kí gbogbo èyí tó parí, torí kò sí ẹni tí mo mọ̀ tí ó dá owó padà fún. Àjọ FCCPC wà tó ń gbọ́ ẹjọ́ òǹrajà, àmọ́ ta ni yóò tìtorí káàdì kan ṣoṣo wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀?

Ẹni tí ó ti rà tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi áyọ́ọ̀nù tún un tẹ̀. Kí ó fi í sínú àpótí tó dé pinpin pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, kí ó má baà gbẹ jù, kí ó tẹ̀ sí ìhà kejì. Bí kò bá tọ́ títí di ọjọ́ ìdíje, kí ó fi ẹ̀dà lásán rọ́pò rẹ̀, kí ó sì mú dẹ́ẹ̀kì náà wá bá mi kí eré tó bẹ̀rẹ̀. N kì í gba kọ́bọ̀ lórí àyẹ̀wò.