1:12, 1:9, 1:8 àbí 1:7: ráífù .223 wo ló bá ọta yín mu?

Ẹ̀yin ará wa ní Texas, Georgia àti káàkiri Amẹ́ríkà tí ẹ fẹ́ ra ráífù .223, bóyá ẹ fẹ́ fi pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni o, bóyá bébà lẹ fẹ́ máa yìn ín sí, ẹ má tíì jẹ́ kí awò orí ìbọn gbà yín lọ́kàn. Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá ìbọn náà. Òun ló ń sọ ọta tí yóò lọ tààrà àti èyí tí yóò fọ́n káàkiri.

Inú ọ̀pá ráífù kì í dán bọ̀rọ́. Wọ́n gbẹ́ ipa tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ipa náà sì ń lọ́ títí dé ẹnu. Tí wọ́n bá kọ 1:9, ọta yóò yí lẹ́ẹ̀kan láàárín ínṣì 9. Bí nọ́ńbà ẹ̀yìn bá ṣe kéré tó ni yíyí náà ṣe ń yára tó. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa nílé kò ní irú ipa bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọdẹ fi ń yọ́ kẹ́lẹ́ sún mọ́ ẹran kó tó yìnbọn. Ọta dà bí òkòtò: bó bá yí dáadáa, á dúró ṣánṣán, bí yíyí rẹ̀ kò bá tó, á máa fì, á sì dojú bolẹ̀.

Ọ̀pọ̀ rò pé ìwúwo ọta ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Gígùn rẹ̀ ni. Gbogbo ọta .223 ló fẹ̀ bákan náà, ínṣì 0.224, nítorí náà èyí tó bá wúwo jù ní láti gùn jù, èyí tó gùn ló sì ń fẹ́ yíyí tó yá. George Greenhill, tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní Woolwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣírò rẹ̀ lọ́dún 1879. Ẹ fi fífẹ̀ ọta sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi 150 sọ ọ́ di púpọ̀ (180 ni fún ọta tó ń sáré bíi ti .223), ẹ wá fi gígùn ọta pín in. Ọta tó gùn ní ínṣì 0.9 á fún yín ní nǹkan bí 10, ìyẹn 1:10. Ìwúwo kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá.

Ẹ̀yin tó wà ní California lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2019 ni òfin ti ní kí ọdẹ má lo ọta òjé níbẹ̀ mọ́. Bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà ọta bàbà 62 gíréénì (gíréénì ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta) gùn ju ọta òjé 62 lọ. Ẹ má wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí nìkan. Ẹ ṣe é bí ẹni pé ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

1:12 ni ti ọta fúyẹ́, láti gíréénì 40 dé 55. Ara ráífù àtijọ́ lẹ ti máa ń rí i. Àwọn ráífù AR-15 àkọ́kọ́, tí ń yin ọta .223, tiẹ̀ jẹ́ 1:14. Nígbà tí wọ́n dán an wò nínú òtútù, ọta 55 kò dúró mọ́, torí pé afẹ́fẹ́ tútù ki ju ti ooru lọ, ni wọ́n bá yí i sí 1:12. Ìbọn tó ń ṣe dáadáa lórí òkè ní Denver lè máa ṣe ségesège ní Minnesota nígbà òtútù.

1:9 gba 45 dé 69 láìsí wàhálà. Ti 75 di àdánwò: ọ̀pá kan á gbà á, òmíràn á kọ̀. Tó bá jẹ́ 55 olówó pọ́ọ́kú nìkan lẹ fẹ́ máa yìn, 1:9 ti tó yín.

1:7 ni gbogbo èèyàn ń béèrè, torí pé òun làwọn ológun ń lò. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀ ná. Nígbà tí M16A2, ráífù àwọn ológun Amẹ́ríkà, dé láàárín ọdún 1980 sí 1989, ọta 62 gíréénì ni wọ́n ń lò, 1:9 sì lè gbé e. Ọta oníná tó ń tàn bó ṣe ń lọ ló gùn púpọ̀, tìtorí rẹ̀ ni wọ́n fi mú 1:7. Ta ló fẹ́ yin ọta oníná nínú yín? Àwọn kan ń sọ pé 1:7 ń ba ọta fúyẹ́ jẹ́, àmọ́ àsọdùn ni: ọta 55 lásán kò níṣòro nínú rẹ̀. Èyí tí awọ tó bo òjé inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ọta tó ń sáré ní ẹsẹ̀ bàtà 3,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á yí nǹkan bí ìgbà 329,000 ní ìṣẹ́jú kan nínú 1:7, àmọ́ 192,000 péré ni nínú 1:12. Àwọn kan ń fọ́ túútúú lójú ọ̀run kí wọ́n tó dé ibi tẹ́ ẹ fojú sùn.

Tèmi, 1:8 ni n ó gbà. Ó gba 55, ó gba 77, ó tún gba 80, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 80 kì í sábà wọ magasíìnì; ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa fi sí i.

Tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì láàárín méjì, ẹ mú èyí tó yára. Ní 1955, ilé iṣẹ́ ìbọn Winchester gbé oríṣi ọta kan, .243, jáde pẹ̀lú ráífù 1:10, ilé iṣẹ́ Remington gbé .244 jáde pẹ̀lú 1:12. Fífẹ̀ ọta wọn kò yàtọ̀, àmọ́ ti Winchester gba ọta 100 tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín, ti Remington kò kọjá 90. Winchester làwọn oníbàárà rọ́ lọ bá. Ní 1963 Remington yí orúkọ padà sí 6mm Remington, ó sọ ọ́ di 1:9, ṣùgbọ́n ọjà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní ti àwọn oríṣi ọta mìíràn, ti .308 kò le: 1:12 fún 150 dé 175, 1:10 fún 180 sókè. 6.5 Creedmoor fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1:8 níbi gbogbo.

Tó bá jẹ́ àlòkù

Nọ́ńbà náà lè ti pa rẹ́. Ẹ yọ ọta kúrò, ẹ fojú ara yín wo inú rẹ̀ pé ó ṣófo. Ẹ wé àkísà tó há dáadáa mọ́ ọ̀pá tí wọ́n fi ń nu ìbọn, irú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀. Ẹ tì í wọlé díẹ̀, ẹ fi bírò sàmì sórí rẹ̀ lókè, kí ẹ sì fa ìlà síbi tó ti wọnú ìbọn. Ẹ rọra tì í títí àmì òkè yóò fi yí po padà sókè, ẹ tún fa ìlà. Ẹ wọn àárín ìlà méjèèjì. Bó bá jẹ́ ínṣì 9, 1:9 nìyẹn. Ẹ wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí àkísà máa ń yọ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé ibi ìyìnbọn, ẹ wo ihò ara bébà. Ihò róbótó dára. Tó bá gùn gbọọrọ bí ẹni pé ọta dùbúlẹ̀ wọlé, ẹ má yí awò kankan. Ọta náà ti gùn jù fún ìbọn yín, ẹ lọ ra èyí tó kúrú. Olùtajà tí kò mọ nọ́ńbà ìbọn rẹ̀, tí kò sì gbà kẹ́ ẹ fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n, ẹ fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ fún un.