Cowboy Junkies: orin ẹni tó ti iṣẹ́ alẹ́ dé

Ẹ má gbé orin ẹgbẹ́ olórin Cowboy Junkies sí i lóde àríyá o. Mo dán an wò níbi ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n mi kan ní Toronto níbí, orin kejì ò tíì parí tí wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ mi. Orin ẹni tó ti iṣẹ́ alẹ́ dé ni, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mí, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbọ́ wọn.

Kí orúkọ wọn má ṣì yín lọ́nà: kò sí darandaran níbẹ̀, kò sì sí ajoògùnyó. Toronto ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1985. Michael Timmins ló ń ta gìtá, òun ló sì ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin wọn sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Margo, ló ń kọ ọ́ lẹ́nu, Peter tó jẹ́ àbúrò wọn ń lu ìlù. Alan Anton, ọ̀rẹ́ Michael láti kékeré, ló di béèsì mú. Ẹ̀yin náà mọ bí owó ṣe máa ń tú ẹgbẹ́ olórin ká. Síbẹ̀, àwọn mẹ́rin yìí náà ló ṣì ṣe àwo tó jáde ní 2023.

Àwo tí mo fẹ́ràn jù ni The Trinity Session. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀, 27 oṣù kọkànlá 1987, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Holy Trinity, máíkì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì pagbo yí ká. Wọ́n ní àwọn ni akọrin ìdílé Timmins, pé ètò Kérésìmesì fún rédíò làwọn fẹ́ ṣe, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó gbà. Mo ti débẹ̀. Ẹ̀yìn Eaton Centre, ilé ìtajà ńlá kan, ló wà, ó dákẹ́ rọ́rọ́ bí ẹni pé èrò ọjà kò sí nítòsí. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí, ẹ ó gbọ́ bí ohùn ṣe ń ga dé òrùlé kó tó padà bọ̀. Ibi tí akọ́díọ̀nù ti wọlé, I.K. Dairo ló sọ sí mi lọ́kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ijó ò sí nínú tiwọn.

Ẹ má ra rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ ní àlòkù bíi tèmi. Ohùn Margo nìkan, láìsí ìlù, láìsí gìtá, ni orin àkọ́kọ́, torí náà gbogbo ibi tó ti ha ló ń ta pàù-pàù. Ẹni tó tà á fún mi ní bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn! Mo padà lọ ra síídì.

Abẹ́ Latent, ilé-iṣẹ́ tiwọn, ni àwo yẹn ti kọ́kọ́ jáde kí RCA, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá, tó gbé e káyé ní 1988. Lẹ́yìn RCA, wọ́n lọ sí ilé-iṣẹ́ ńlá mìíràn, Geffen. Àwo ìgbà yẹn dáa, ṣùgbọ́n wọ́n dán jù fún etí mi. Wọ́n tún padà sórí ẹsẹ̀ ara wọn, láàárín 2010 sí 2012 wọ́n gbé àwo mẹ́rin jáde tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀gá wo ni ìbá gbà fún wọn? Demons, ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ orin olóògbé Vic Chesnutt látòkèdélẹ̀, wọ̀ mí lára. Sing in My Meadow, òmíràn nínú wọn, ní tiẹ̀, ariwo gìtá ni. N ò gbọ́ ọ tán rí.

Ẹ̀sùn mi kan ni pé Margo máa ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Mo ní láti wá ọ̀rọ̀ orin kà kí n tó mọ ohun tó ń sọ.

Ghosts ti 2020 jáde lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Nínú Such Ferocious Beauty, ti 2023, ọ̀rọ̀ bàbá wọn tí iyè rẹ̀ ń ra wà níbẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ èyí, mo sì pa á kí n tó dé ibùdókọ̀ mi. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.