Anubias fún Táǹkì Ẹja Inú Yàrá Tí Ìmọ́lẹ̀ Rẹ̀ Kò Tó: Àyẹ̀wò Ohun Tí Wọ́n Ń Tà ní Abẹ́òkúta

Ọ̀pọ̀ yàrá ìgbàlejò wa ní Abẹ́òkúta ni oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀, pàápàá ní àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n fẹ̀gbẹ́ ti ara wọn lápá Ìkìjà, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí ògiri aládùúgbò. Ẹni tí ó bá ń sin ẹja sínú táǹkì onígíláàsì ní irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó sì fẹ́ kí ewéko tòótọ́ wà pẹ̀lú wọn dípò ewé oníke, kò ní ohun púpọ̀ tí ó lè rà. Nínú ìwọ̀nba tí ó wà, Anubias ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, ní pàtàkì ẹ̀yà kékeré tí àwọn olùtajà ń pè ní nana, tí wọ́n sábà máa ń so mọ́ òkúta tàbí ègé igi kí wọ́n tó tà á. Lójú tèmi, ewéko náà tó iye tí wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà mọ́ ọn ni a lè ṣe láìní.

Àwọn kan lára àwọn tí ń tà á máa ń pè é ní ewéko òyìnbó, wọ́n sì ń tìtorí ìyẹn bu owó lé e. Ewéko ilẹ̀ wa ni. Etí odò inú igbó ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni ó ti ń hù, lábẹ́ ìbòjì igi ńlá, Nàìjíríà sì wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè náà. Schott, onímọ̀ ewéko ará Austria, ni ó sọ ọ́ ní Anubias ní 1857, láti ara orúkọ Anubis, òrìṣà àwọn ará Íjíbítì àtijọ́. Anubias barteri, tí nana jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, ń jẹ́ orúkọ Charles Barter, onímọ̀ ewéko tí ó bá ikọ̀ àwọn òyìnbó aṣàwárí tí Baikie ṣáájú wá sí odò Ọya ní 1857, tí ó sì kú sí Rabba, ìlú kan létí odò náà, ní 1859. Ẹbí kan náà ni òun àti kókò tí a ń jẹ. Ohun tí ó mú kí ó wọ́n gan-an ni pé kò yára dàgbà: nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò pọ̀, ewé tuntun kan lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó yọ, nítorí náà ẹni tí ó gbìn ín fún títà ti dúró pẹ́ kí ó tó gbé e dé ọjà.

Àìyára yìí náà ni ó mú un bá ilé wa mu. Kò béèrè iná ńlá, kò béèrè pé kí a máa fa gáàsì kábọ́ọ̀nù sínú omi fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kú bí iná mànàmáná bá lọ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Gílóòbù LED wáàtì 9 tí à ń rà sínú yàrá ni mo fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sí tèmi nínú táǹkì tí ó gba nǹkan bí lítà 60, fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́ nígbà tí iná bá wà, ewé rẹ̀ sì dúdú minimini. "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ò bá ra iná yìí mọ́ ọn, ewé yín á kú o," ni ọmọkùnrin tí ó tà á fún mi nítòsí Pánṣẹ́kẹ́ wí, ó sì gbé iná kan tí owó rẹ̀ ju ti ewéko àti òkúta rẹ̀ lọ síwájú mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì rà á. Iná tí ó bá mọ́lẹ̀ jù a máa ba Anubias jẹ́ ju ìmọ́lẹ̀ tí kò tó lọ, nítorí pé ewé rẹ̀ a máa pẹ́ lára rẹ̀, àwọn àmì tótòtó aláwọ̀ ewé yóò sì ráyè lẹ̀ mọ́ ọn títí tí nínù kò fi ní ràn wọ́n mọ́. Nítorí èyí, ẹ má ṣe gbé táǹkì sí ojú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé, kí omi má baà tún gbóná fún ẹja.

Ìdí ewéko náà ni kí olùrà tẹjú mọ́. Igi kan wà níbẹ̀ tí ó nà gbalaja bí atalẹ̀, tí ewé ń yọ lókè rẹ̀, tí gbòǹgbò ń yọ nísàlẹ̀. Bí a bá ri igi yìí mọ́ inú yanrìn, yóò jẹrà. Gbòǹgbò nìkan ni ó lè wọlẹ̀. Síbẹ̀, mo ti rí ìsọ̀ tí wọ́n ti gbìn ín bí ẹni gbin ẹ̀fọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ìka tẹ igi náà: bí ó bá rọ̀ tàbí tí ó ń rùn, ẹ dá a padà, nítorí ìjẹrà náà yóò máa tàn ká ni. Bí ó bá le, òwú ìránṣọ lásán tó láti fi so ó mọ́ òkúta títí tí gbòǹgbò rẹ̀ yóò fi di òkúta náà mú.

Ọ̀rọ̀ òkúta yìí ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní ìlú tí ó wà lábẹ́ Olúmọ, wọ́n ń gba owó gidi lọ́wọ́ ènìyàn nítorí òkúta! Akọ òkúta tí ó kún àyíká wa kì í yí omi padà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ da omi gbígbóná lé e, ó ti tó lò. Òkúta ẹfun irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ǹtì ni kí ẹ má ṣe mú, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yọ́ sínú omi tí omi náà yóò fi le, ìyẹn ni pé èròjà òkúta yóò pọ̀ nínú rẹ̀. Anubias lè fara dà á, ṣùgbọ́n kò bá ẹja tí ó fẹ́ omi tí kò le, bíi neon tetra, lára mu. Bí òkúta kan kò bá dá yín lójú, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lára. Bí ó bá hó, ẹ gbé e jù sẹ́yìn.

Ajílẹ̀ olómi tí wọ́n ń tà nínú ìgò kéékèèké kò pọn dandan níwọ̀n ìgbà tí ẹja bá wà, nítorí ìgbẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ewéko tí kò jẹun púpọ̀. Java fern, ewéko inú omi mìíràn, náà ṣe é rà fún irú yàrá yìí, òkúta ni à ń so òun náà mọ́. Ewéko inú omi tí wọ́n ń pè ní Cryptocoryne a máa wọ́wé nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé inú omi tuntun, ẹni tí kò bá sì mọ̀ yóò dà á nù kí ó tó tún rú.

Ìsọ̀ mìíràn a tún fi ojú oró ṣe ènì. Lóòótọ́, a máa ń ṣàdúrà pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, ṣùgbọ́n nínú táǹkì tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó, lílékè yẹn gan-an ni wàhálà, nítorí pé yóò bo ojú omi, yóò sì gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ Anubias nísàlẹ̀. Bí ẹ bá gbà á, ẹ máa yọ ọ́ dànù déédéé kí ó má baà ju ìdá kan nínú mẹ́rin ojú omi lọ.

Ẹni tí ó ń wá táǹkì tí yóò kún fún ewé láàárín oṣù méjì kò ní gbádùn Anubias. Fún ẹni tí ó bá lè dúró, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó ra ńlá kan dípò kéékèèké mẹ́ta, nítorí pé bí igi ìdí rẹ̀ bá ti gùn tó, ọ̀bẹ mímú ni a fi ń pín in, kí ewé tí ó wà lára ègé kọ̀ọ̀kan má dín ní mẹ́ta, a ó sì so ègé náà mọ́ òkúta mìíràn.