Àgbéyẹ̀wò ìdè ọrùn-ọwọ́ fún àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù

Ìdè ọrùn-ọwọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ pátákó ike pẹlẹbẹ tó ní híńjì láàárín, tí a ń fi okùn alẹ̀mọ́ dè mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ òsì ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá gọ́ọ̀fù. Nígbàkúùgbà tí ọrùn-ọwọ́ bá tẹ̀ sẹ́yìn, yóò dún "kẹ́". Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, wọ́n sì gbé e dé Adó-Èkìtì fún mi láìfọ́. Pápá koríko tó wà lẹ́yìn ilé wa ni mo ti ń lò ó bí oòrùn bá ti rọlẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kì í ṣe kékeré. Ibi tí ojú ọ̀pá (ìhà pẹlẹbẹ tó ń kan bọ́ọ̀lù) bá kọ sí nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù ló ń pinnu púpọ̀ nínú ibi tí bọ́ọ̀lù yóò kọ́kọ́ dorí kọ, bẹ́ẹ̀ ni ìfarakanra náà kì í ju nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, tí kò sí ẹni tó lè ṣe àtúnṣe kankan láàárín rẹ̀. Bí ọrùn-ọwọ́ òsì bá tẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí ọ̀pá wà lókè, ojú ọ̀pá á ṣí, ìyẹn ni pé á kọ sí ọ̀tún, bọ́ọ̀lù á sì máa yà sí ọ̀tún, sínú igbó (àwọn ọmọdé tó ń bá mi ṣa bọ́ọ̀lù mọ èyí dáadáa). Ìdè yìí a máa ké lójú ẹsẹ̀, kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀bi ru ẹsẹ̀ tàbí ìbàdí.

Ibi tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ kò ti gbọ́ra yé ni ìdúró ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bá gbé ọ̀pá kalẹ̀ sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ó tọ́ kí ọrùn-ọwọ́ òsì tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Síbẹ̀, n kò tíì ju ọwọ́ rárá tó ti ń dún. Ìwé ìtọ́nisọ́nà inú páálí kò sọ nǹkan kan nípa èyí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà sì lè torí bẹ́ẹ̀ máa fi tipátipá na ọwọ́ rẹ̀ gbọnrangandan. Ìdè náà tún ń ṣe bí ẹni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti gbé ọrùn-ọwọ́. Ben Hogan, gbajúgbajà agbágọ́ọ̀fù ayé àtijọ́, máa ń jẹ́ kí ọrùn-ọwọ́ tirẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn lókè kí bọ́ọ̀lù má baà yà sí òsì. Dustin Johnson, agbágọ́ọ̀fù ayé òde òní, ní tirẹ̀ a máa tẹ̀ ẹ́ sí ìhà àtẹ́lẹwọ́ gan-an, ó sì gba Masters, ọ̀kan nínú àwọn ìdíje gọ́ọ̀fù tó tóbi jù, ní ọdún 2020 pẹ̀lú ìgbá 268. Bí ìka ṣe di ọ̀pá mú ló ń sọ èyí tó bá oníkálukú mu, ike kò sì lè mọ ìyẹn.

Ìdè náà kò kan bí ọwọ́ ṣe ń ká sókè sí ìhà àtàǹpàkò, èyí tó ń fún ọ̀pá ní eré. Okùn rẹ̀ ló burú jù: òógùn a máa mú kó yọ̀, nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé, eruku pupa á kún inú rẹ̀ títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́, àfi kí n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó gbọ̀n ọ́n. Nítorí okùn yìí, ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un.

Ẹ fi gbá ìgbá kúkúrú, ní pẹ̀lẹ́, kí ọ̀pá má kọjá ìbàdí. Ẹ sì bọ́ ọ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ayò gidi, ì báà ṣe ní pápá Ìlárá-Mọ̀kín tí à ń gba Ìkẹ́rẹ́ àti Àkúrẹ́ lọ, nítorí pé Òfin 4.3 nínú ìwé òfin gọ́ọ̀fù kò gbà á láyè: ìgbá méjì ni wọn yóò fi kún ti ẹni tó bá lò ó nínú ìdíje oníṣírò ìgbá, bó bá sì tún lò ó lẹ́ẹ̀kejì, wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje.